Ẹ bá mi dúpẹ́ ọjọ́ 26

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin oníbàárà mi ní Ìtòkú tí ẹ ń béèrè pé ìyá aládìrẹ dà, èmi náà ni mo ń kọ èyí. Mo wà láàyè. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run.

Ìró ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Ìró tó ń yí mi po dáadáa tẹ́lẹ̀ kò yí mi po mọ́. Àwọn èèyàn ní ara ń tù mí. Ṣùgbọ́n apá mi ń tín-ín-rín, òkèlè àmàlà méjì ti ń yó mi, mo sì ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Mo pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Mo mu àgbo, mo ra oògùn ọgbẹ́ inú, oṣù mẹ́ta kọjá lórí ìyẹn. Ọjọ́ tí mi ò lè gun òkè ilé wa láì jókòó sẹ́bàá ọ̀nà kí n tó rí èémí mí, ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn.

Síkáànù fi kókó kan hàn ní ilé ẹyin mi ti òsì, ó tóbi tó orí ọmọ tuntun. Omi kún ikùn mi, omi tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CA-125, èyí tí wọ́n fi ń fura sí jẹjẹrẹ ilé ẹyin. Kò yẹ kó ju 35 lọ. Tèmi jẹ́ 318. Ẹni ọdún 56 ni mí, nǹkan oṣù mi ti dá tipẹ́, dókítà ní ìyẹn náà wà lára ohun tó ń kọ òun lóminú.

Mo bi í pé, "Dókítà, ṣé jẹjẹrẹ ni?"

Ó gbé fáìlì kalẹ̀. "Mọ́mì, ó jọ ọ́. Àmọ́ mi ò tíì lè sọ pé òun ni."

Ó ní ìju lè gbé CA-125 sókè, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó bá wọ inú ikùn lè gbé e sókè, àìsàn ẹ̀dọ̀ náà lè gbé e sókè. Wọn ò sì ní fi abẹ́rẹ́ gún kókó náà wò, nítorí tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ó lè fọ́n ká inú ikùn. Àfi kí wọ́n yọ ọ́ lódindi, kí wọ́n gbé e lọ sí lábù. Wọ́n yẹ omi tí wọ́n fà níkùn mi wò, wọn ò rí jẹjẹrẹ nínú rẹ̀. Inú mi fẹ́ dùn, dókítà ní kí n má tíì yọ̀, pé àìrí i nínú omi kò tíì dá mi láre.

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa, ọpẹ́ ni. Wọ́n yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin méjèèjì pẹ̀lú kókó náà. Wọ́n ní èsì yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ 26 ló gbà.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n máa múra ikú ni, àbí kí n máa múra ọjà. Lọ́sàn-án, mo kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó sínú ìwé, mo fi ibi tí ìwé ilẹ̀ wà han àkọ́bí mi. Lóru, màá gbá ikùn mú, màá máa tẹ́tí bóyá nǹkan ń rìn níbẹ̀. Bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Bí kò bá dún, àyà mi á tún já. Àdúrà pàápàá ṣòro. Kí ni kí n tọrọ? Ohun tó wà nínú kókó yẹn ti wà nínú rẹ̀ ná. Níkẹyìn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ń gbà láràárọ̀: "Olúwa, mú mi la òní já." Ó gbọ́ ọ nígbà 26. Èyí gan-an ni mo fi ń dúpẹ́ jù.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Kí n tó wọ tíátà, ẹnì kan tó wá gbàdúrà fún mi ní òun rí obìnrin kan nínú ìdílé ọkọ mi tó di ikùn mi. Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n rò ó wò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni mo fura sí. Ọbẹ̀ tó ń sè wá, mo ń dà á nù. Mo ní kí àwọn ọmọ má fi ẹnu kàn án. Ó mọ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Òun kan náà ló sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi fún òru mẹ́sàn-án, tó ń da ìtọ̀ mi nù. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ pé "kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀ láṣẹ", òun nìkan ló sọ pé, "Ìyàwó mi, tó bá jẹ́ òun, a jọ máa lọ gba ìtọ́jú ni. Tí kò bá jẹ́ òun, a jọ máa lọ sílé." Mo sùn lóru ọjọ́ yẹn. Àǹtí mi, mo ti kúnlẹ̀ fún yín nínú yàrá, mo tún kúnlẹ̀ níbí lójú gbogbo ayé. Ẹ forí jì mí.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, dókítà fúnra rẹ̀ pè mí. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Fibroma ni wọ́n ń pè é, kókó líle tó máa ń hù ní ilé ẹyin, tí kì í ràn lọ sí ibòmíì. Òun ló fa omi sí ikùn àti sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, òun náà ló gbé CA-125 sókè. Kì í wọ́pọ̀. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Meigs, kọ nípa bí kókó yìí àti omi ṣe ń wà pa pọ̀ báyìí ní 1937, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àpapọ̀ náà títí di òní. Bí wọ́n bá ti yọ kókó náà, omi á gbẹ fúnra rẹ̀. Tèmi ti gbẹ. Mo gun òkè ilé wa ní Sátidé tó kọjá, mi ò jókòó.

Ẹ̀yin ìyá, bí ikùn bá wú tí kò fà, tí oúnjẹ díẹ̀ ń yó yín, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n yín ṣáá, tó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, ẹ má dúró oṣù mẹ́ta bíi tèmi. Mo ti ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ lọ́dún tó ṣáájú, mo rò pé ó ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kì í wo ilé ẹyin.

Ó ku ohun kan. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí tèmi, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wa. A jọ ń dúró ni. Ó máa ń kọrin sí mi létí bí oorun ò bá kùn mí. Èsì tirẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú tèmi, jẹjẹrẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìgbàgbọ́ mi ló jẹ́ kí tèmi yàtọ̀. Tirẹ̀ ju tèmi lọ, mo ń gbọ́ àdúrà rẹ̀ lóru. Mi ò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní dúpẹ́ lọ́nà tí yóò fi dà bíi pé Ọlọ́run kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo pè é láti sọ èsì mi, ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Òun ló kọ́kọ́ ké alelúyà.

Ó ti gba oògùn jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta síra. Èmi àti Àǹtí mi la jọ ń bá a lọ. Aṣọ tí mo kọ́kọ́ pa láró lẹ́yìn tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, òun ni mo gé e fún. Ó ní gèlè ni òun fẹ́ fi í wé, torí irun rẹ̀ ti ń já. Ọjọ́bọ̀ yìí ni ẹ̀ẹ̀kejì. Bí ẹ bá ti ń bá mi dúpẹ́, ẹ bá mi dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run: ìyá bẹ́ẹ̀dì kejì.