Ilé Wa Lẹ́bàá Títì

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn kó jọ láyé, kí ó wá wo iwájú ilé onítọ̀hún lẹ́yìn omíyalé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, gbogbo ẹrù tí èmi àti ìyàwó mi fi ọdún mọ́kànlá kó jọ sí Houston wà lórí koríko lẹ́bàá títì: bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, àga ìjókòó tí omi ti sọ di kànìnkànìn, fìríìjì tí a fi téèpù di ẹnu rẹ̀ pinpin kí òórùn rẹ̀ má baà lé àwọn tó wá ràn wá lọ́wọ́ sá, àti fọ́tò ìgbéyàwó tí ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti yọ́ mọ́ra wọn. Gàrí Ìjẹ̀bú tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti mu omi yó, ó ti wú, ó ti bẹ́ àpò rẹ̀, ó sì ti tẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ yàrá ìpamọ́ oúnjẹ bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ tẹ ẹ̀bà fún gbogbo àdúgbò.

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ, àwọn ènìyàn a tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bí ìjì Harvey ṣe rí lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ gbọ́, nítorí òun ni tẹlifíṣọ̀n fi hàn wọ́n. Màá sọ ti ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ògiri ni ó wà lọ́kàn mi jù, nítorí ọkọ̀ gbé wa fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú péré, ògiri sì gba ọjọ́ mẹ́jọ gbáko lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí a kò mọ̀ rí.

Ìjì náà wọ etíkun Texas lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Rockport ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, atẹ́gùn rẹ̀ sì ń sáré ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Atẹ́gùn yẹn ba ilé àwọn ará Rockport jẹ́ kọjá sísọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe atẹ́gùn ló ṣe tiwa. Ńṣe ni ìjì náà rọra dé ẹ̀bá wa tí ó sì kọ̀ tí kò lọ mọ́. Ó ń fa omi láti inú òkun, ó sì ń dà á lé wa lórí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ìlú Nederland ní Texas, òjò tí wọ́n wọ̀n ju 1,500 mìlímítà lọ, ìyẹn ni pé bí omi náà kò bá rí ibi ṣàn lọ ni, ìbá mu àgbàlagbà dé èjìká. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí odò Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, mo sì rántí bí ìyá mi ṣe kó wa gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò wa pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lórí. Nítorí náà, mo rò pé mo mọ ohun tí à ń pè ní omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Mi ò tíì mọ nǹkan kan.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí a kò kó jáde ṣáájú. Sylvester Turner tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà kò pàṣẹ pé kí a kó jáde, èmi kò sì bá a wí. Ní ọdún 2005 tí ìjì Rita ń bọ̀, gbogbo ìlú dà sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, ooru àti ìjàǹbá ọkọ̀ sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ìjì fúnra rẹ̀ tó dé rárá.

Tiwa tún ní ọwọ́ ènìyàn nínú. Àdúgbò wa wà lẹ́yìn ìsédò Addicks, ọ̀kan nínú méjì tí ẹ̀ka ẹnjiníà iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà mọ sí ìwọ̀ oòrùn Houston ní àwọn ọdún 1940, kí odò Buffalo Bayou má baà tún gba àárín ìlú bí ó ti ṣe ní 1929 àti 1935. Bí òjò kò bá rọ̀, kò sí adágún kankan níbẹ̀. Pápá àti igbó ni, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ìjọba rà sẹ́yìn ìsédò náà kò tó ibi tí omi lè dé, àwọn akọ́létà sì kọ́lé dé etí rẹ̀ gan-an. Inú agbada ni mo ra ilé sí, mi ò sì mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 28, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn ìsédò méjèèjì, omi sì ya wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Àwa tí a wà lẹ́yìn, ńṣe ni omi ń rọra gòkè bá wa, láìpariwo, àní nígbà tí òjò ti ń dá.

Ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tó ń gbé ní ojúlé kẹta sí wa ni ó gbé wa jáde. Fún ọdún mẹ́fà, ọwọ́ ni a máa ń jù síra wa láti inú mọ́tò. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, òun náà kò sì lè pe tèmi. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé ó ní ọkọ̀ ìpẹja pẹlẹbẹ kan tí ó máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ilé, èyí tí ìyàwó mi máa ń sọ pé ó ń ba ojú àdúgbò jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, tí omi ti dé orúnkún nínú pálọ̀, òun ni ó wá kan fèrèsé wa. Kò tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà. Ó fi okùn so ó mọ́ ìbàdí, ó ń fẹsẹ̀ rìn nínú omi, ó sì ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò níwájú kí a má baà forí sọ àwọn mọ́tò àti àpótí lẹ́tà tó ti rì. Èèrà pupa wọn tí ń ta bí iná ti so mọ́ra wọn bí òṣùṣù, wọ́n ń léfòó lọ lójú omi, ó sì ń fi ọ̀pá náà tì wọ́n kúrò lọ́nà ọkọ̀.

Ìyá ìyàwó mi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tí orúnkún ń dà láàmú, wà lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú omi kí màmá lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn. Yorùbá ni màmá ń bá a sọ: "Rọra o, ọkọ mi, má jẹ̀ẹ́ kí n já o, orúnkún yìí ni." Òun náà ń dáhùn pé "Yẹ́ẹ̀sì, máàmù" ní gbogbo ibi tó yẹ kí ènìyàn ti dáhùn. Títí di òní, màmá kò gbà pé ọkùnrin yẹn kò gbọ́ Yorùbá.

Àwọn bíi tirẹ̀ pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn kan gbé ọkọ̀ wọn wá láti Louisiana, àwọn tí wọ́n ń pè ní Cajun Navy, tí orúkọ náà ti wà lára wọn láti ìgbà ìjì Katrina ní 2005. Orí fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ ibi tí wọ́n ti nílò wọn, lórí áàpù Zello tí ènìyàn ń tẹ̀ sọ̀rọ̀ bí rédíò ọlọ́pàá. Jim McIngvale tó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì ṣí méjì nínú ilé ìtajà rẹ̀ sílẹ̀, ó rán àwọn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ lọ kó ènìyàn, wọ́n sì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tuntun tí ó fẹ́ tà. Omi sé àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì mọ́ inú ilé búrẹ́dì El Bolillo fún ọjọ́ méjì, wọn kò sì jókòó lásán. Gbogbo ìyẹ̀fun tó wà níkàáwọ́ wọn ni wọ́n fi ṣe búrẹ́dì fún àwọn tí omi lé jáde nílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ tí mi ò lè gbàgbé ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Mẹ́síkò, tó gbéra láti ìlú Lufkin ní Texas pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ kan láti wá gba àwọn tí kò mọ̀ rí là. Ọkọ̀ wọn forí sọ afárá, ó dojú dé, omi sì gbé e lọ. Kò tíì ní ìwé ìgbélùú tí ó pé lọ́wọ́ nígbà tí ó kú.

George R. Brown, gbọ̀ngàn àpérò ńlá tí wọ́n sọ di ibùdó àwọn tí omi lé jáde, tí wọ́n sì ṣètò fún 5,000 ènìyàn, ti kún nígbà tí a fi máa jáde nínú omi. Nítorí náà, a kò lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Màmá Ìbejì ní Alief, àdúgbò kan ní Houston, ni a forí lé, obìnrin tí a kàn máa ń pàdé níbi òde àríyá, nọ́ọ̀sì ni, ilé yàrá méjì ni ó sì háyà. Ènìyàn mẹ́rìnlá ni a sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọdé lórí bẹ́ẹ̀dì, àwa àgbà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ ní alẹ́, ó ń dé ní àárọ̀, ó ń ro àmàlà kí ó tó sùn. Nígbà tí mo fún un ní owó díẹ̀ pé kí ó fi ra nǹkan ọbẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bú mi nínú ilé mi." Irú ìrànlọ́wọ́ yìí kì í dé orí tẹlifíṣọ̀n, nítorí kò sí ohun tí kámẹ́rà lè yà nínú ilé tí àwọn ènìyàn ti ń dúró de ara wọn láti wẹ̀.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí omi tó fà tán nílé wa. Ilé Amẹ́ríkà kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Igi ni wọ́n fi dúró, wọ́n á wá kan pátákó ẹlẹ́fun tí wọ́n fi páálí bò mọ́ igi náà nínú, wọ́n á sì ki nǹkan bí òwú sí àárín kí ooru má baà wọlé. Omi tí ó dé orúnkún nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí orúnkún. Ògiri a máa fà á mu gòkè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Bí ènìyàn kò bá tètè gé ògiri náà jábọ́, nǹkan dúdú a bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀, tí yóò máa wọ àwọn ọmọ lára láti ihò imú. Èmi jẹ́ oníṣirò owó. Mi ò gé ògiri rí láyé mi.

Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ yẹn ni ó tún kọ́kọ́ dé, bẹ́ẹ̀ omi wọ ilé tirẹ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà dé láti mọ́sáláṣí kan, lẹ́yìn wọn ni àwọn àgbààgbà láti ìjọ kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn, tí àwọn fúnra wọn ti sùn sínú ọkọ̀ mọ́jú. Wọ́n na okùn tí wọ́n fi ẹfun pa, wọ́n ta á mọ́ ògiri ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sókè. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin, nígbà tí omi kò tó méjì. Bàbá kan nínú wọn ní pátákó tuntun tí a óò rà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni fífẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn bá gé e báyìí, odindi pátákó ni a óò kàn fi dùbúlẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kò ní sí gígé, kò ní sí àfikún owó. Ó ti ro ti oṣù mẹ́rin síwájú fún mi, èmi tí kò tíì mọ ibi tí màá sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Àárín ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí ní ọjọ́ kìíní. Ojú ń tì mí. Kì í ṣe ohun tí ó rọrùn fún ọkùnrin tí wọ́n kọ́ ní Ìbàdàn pé àlejò kì í wọ yàrá onílé, láti máa wo ọmọ ọlọ́mọ bí ó ṣe ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lọ sójú títì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí náà bá gàrí pàdé, ó sì bi mí bóyá símẹ́ńtì ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì yá ṣọ́bìrì kan. Láti ìgbà náà lọ, ojú kò tì mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mi ò ní parọ́ pé gbogbo ẹni tó wá ràn wá lọ́wọ́ ni ó ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n kó àpótí aṣọ òtútù rẹpẹtẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí oòrùn ń mú wa bí iná, àwọn tí ilé wọn ti bàjẹ́ ni ó sì tún ń fi ọjọ́ méjì ṣa aṣọ náà. Ìwé owó ìdójútòfò tiwa kò mẹ́nu kan omíyalé rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ ará àdúgbò, nítorí àwòrán ilẹ̀ ìjọba kò kà wá mọ́ ibi tí omi lè dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni adájọ́ kan wá dá a pé ìjọba àpapọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ dáhùn fún omi tó wọ ilé àwa ẹni ẹ̀yìn ìsédò. Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ni ìyẹn lẹ́yìn tí bàbá yẹn ti wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin.

Obìnrin ará Mẹ́síkò tó ń gbé òdìkejì títì ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni omi dúró sí, ó sì gbà pé gbèsè ni ìyẹn fi sí òun lọ́rùn. Ojoojúmọ́ ni ó ń wá kó aṣọ ẹlẹ́rọ̀fọ̀ wa lọ fọ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Nínú ẹrù kan báyìí ni aṣọ òkè ìgbéyàwó wa wà, agbádá ẹtù tèmi àti ìró, ìborùn pẹ̀lú gèlè sányán ti ìyàwó mi. Ó rí i pé kì í ṣe aṣọ ẹ̀rọ, ó sì fi ọwọ́ fọ̀ wọ́n nínú bàsíà, ṣùgbọ́n ó pa wọ́n pọ̀, aró ara ẹtù sì ràn mọ́ sányán. Ó sá wọn sórí ọgbà fún ọjọ́ méjì, ó ká wọn, ó sì gbé wọn wá pẹ̀lú omijé lójú, ó ń tọ́ka sí ibi tí ó ti di búlúù, ó ń bẹ̀bẹ̀ ní èdè tí a kò gbọ́. Ìyàwó mi dì mọ́ ọn. Ní òru ọjọ́ náà ni ó tó wá sunkún nítorí aṣọ náà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a ti padà sínú ilé, ọmọbìnrin obìnrin yìí pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ayẹyẹ ńlá sì ni ìyẹn lọ́dọ̀ tiwọn. Ìyàwó mi ní gèlè tó dára mẹ́wàá nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ìjọ ti fi ta á lọ́rẹ, ṣùgbọ́n sányán yẹn ni ó wé, ó sì wé e débi pé ibi tó ti di búlúù ni ó wà níwájú. Nígbà tí obìnrin náà rí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Lẹ́yìn náà ni ó di ìyàwó mi lọ́wọ́ mú, ó sì ń fà á kiri láti orí tábìlì kan dé òmíràn, láàárín àwọn àbúrò àti ìyá rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí aró gbé ràn mọ́ gèlè náà.