Ọ̀nà ẹ̀yìn ni owó ń gbà lọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ilé ìtura, ilé ńlá àtijọ́ kan ní ìgbèríko Wales ni mo ti ṣiṣẹ́, ìyá àgbà kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ló ni ín. Iye tí àlejò fi ń sùn mọ́jú níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Wọ́n ní kí n bá àwọn dín ìfiṣòfò kù.

Káàdì ni mo kọ́kọ́ tẹ̀: kí àlejò jọ̀ọ́ máa tún táwẹ́ẹ̀lì lò. Mo gbé e sí gbogbo yàrá, orí mi wú. Màmá kà á, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n mú mi lọ sẹ́yìnkùlé lọ wo táńkì. Páìpù gáàsì kò dé àdúgbò yẹn, epo òyìnbó ni wọ́n ń sun kí ilé àti omi lè móoru, ibẹ̀ sì ni owó ń gbà lọ. Epo òyìnbó tí wọ́n ń fi ìgò rán wa rà nílé náà ni o! Níbẹ̀, ọkọ̀ ló ń já a.

Mo bá sáré dín gbígbóná omi kù. Ẹni tó ń tọ́jú páìpù dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ nà mí. Omi gbígbóná inú táńkì kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 60°C, torí inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Legionella ti ń bí sí i. Ẹni tó bá fà á símú níbi ṣáwà lè kó àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó padà ràn wá lọ́wọ́ kò lẹ́wà rárá: a fi nǹkan wé àwọn páìpù tó wà níhòòhò lábẹ́ ilé, a sì ń pa ẹ̀rọ tó ń mú yàrá móoru níbi tí kò bá sí àlejò. Fèrèsé tí ooru ń gbà sá jáde ńkọ́? Ilé tí òfin ń dáàbò bò ni, ẹ kò lè déédéé yọ ọ́. Kọ́tìnnì tó nípọn la rà.

Ti oúnjẹ ló dùn mí jù. Nílé wa, èèpo iṣu kì í kọjá ẹnu ewúrẹ́. Mo rọ èèpo ànàmọ́ kún garawa, mo kọrí sọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ wọn. Àbígbẹ̀yìn Màmá pariwo mọ́ mi láti òkèèrè. Àṣé ohunkóhun tó bá ti wọ ilé ìdáná, ì báà jẹ́ ewébẹ̀, òfin ò gbà kó dẹ́nu ẹran. Ọdún 2001 ni wọ́n ti fòfin de àjẹkù fún ẹlẹ́dẹ̀, nígbà tí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu ràn láàárín ẹran wọn, tí wọ́n fi pa àwọn ẹran náà nípakúpa. Àjẹkù tí wọn ò sè dáadáa ni wọ́n gbà pé ó fà á.

Ni a bá ra òṣùwọ̀n. Láti oṣù kẹrin 2024, dandan ni ní Wales kí iléeṣẹ́ ya àjẹkù sọ́tọ̀, torí náà garawa ti wà nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi wọ̀n ọ́n. Mo rò pé ẹran alẹ́ ni yóò pọ̀ jù. Rárá o, búrẹ́dì yíyan àárọ̀ ni! Mẹ́rin là ń gbé fún tọkọtaya, méjì ń padà bọ̀, ó ti gan paali. A wá ń bèèrè kí a tó yan án. Àkọ́bí Màmá ní ahun la fẹ́ yà lójú àlejò. N ò tíì rí àlejò tó ráhùn.

Nígbà tí mo ń kúrò, ìwé ìwọ̀n ṣì so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọmọ tó ń fọ abọ́ ló ń kọ ọ́.