Okùn Tí Òṣìṣẹ́ Lè Fà

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, a tẹ kàlẹ́ńdà 3,000 fún ìjọ kan, gbogbo rẹ̀ ló sì bàjẹ́. Àwọ̀ pupa ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí àwọn àwọ̀ yòókù, tó fi jẹ́ pé ètè bíṣọ́ọ̀bù di méjì. Ẹ̀gbọ́n tó wà nídìí ẹ̀rọ ti rí i kí èyí tó jáde tó tó 100, ṣùgbọ́n kò dá ẹ̀rọ dúró. Nígbà tí mo bi í ní ìrọ̀lẹ́ pé kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Àbúrò, bí mo bá dá a dúró, ṣé ìwọ lo máa bá mi san án?" Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá dá ẹ̀rọ dúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ bàjẹ́ sí, wọn yóò sì yọ owó bébà nínú owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti parí kí wọ́n tó rí àṣìṣe, ẹjọ́ náà yóò fọ́n ká láàárín ẹni tó ya àwòrán, ẹni tó ṣe pléètì onírin tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó gé e, wọn kò sì ní rí ẹnì kan mú.

Ọ̀rọ̀ yìí ló padà wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ọ̀nà tí Toyota ń gbà ṣiṣẹ́, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní lean. Iṣẹ́ aṣọ híhun ni gbòǹgbò rẹ̀. Sakichi Toyoda, bàbá Kiichiro tó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní 1937, ti parí ẹ̀rọ ìhunṣọ kan ní 1924 tó máa ń dá dúró fúnra rẹ̀ bí òwú bá já. Ẹni tó bá ti jókòó ti ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn rí kò ní kà á sí ìyanu, nítorí pé ahunṣọ tó mọ iṣẹ́ kì í hun aṣọ kọjá ibi tí òwú ti já. Yóò so ó kó tó tẹ̀ síwájú. Ohun tí Toyota ṣe ni pé wọ́n gbé àṣẹ ìdádúró náà lé ènìyàn lọ́wọ́. Okùn kan wà lókè orí àwọn tó ń to ọkọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì rí àbùkù lè fà á. Bó bá ti fà á, iná yóò tàn, olórí ikọ̀ yóò sáré dé láti ràn án lọ́wọ́. Bí wọ́n bá tún un ṣe kí ọkọ̀ náà tó kúrò ní àyè rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo iṣẹ́ yóò dúró.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors kan wà ní Fremont, ní Kalifóníà, tí wọ́n tì pa ní 1982. Kí wọ́n tó tì í, nǹkan bí 20 nínú 100 òṣìṣẹ́ ni kì í yọjú síbi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó jẹ́ dá iṣẹ́ dúró nítorí àbùkù. Ní 1984, General Motors àti Toyota jọ ṣí i padà, wọ́n pè é ní NUMMI, púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n sì gbà padà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà. Wọ́n fún wọn ní okùn yẹn. Láìpẹ́, àwọn tí kì í yọjú kò tó 5 nínú 100 mọ́, ọkọ̀ wọn sì dára. Nígbà tí ọjà wọn lọ sílẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, wọn kò lé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi àsìkò náà kọ́ àwọn tí iṣẹ́ kò kàn.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé orúkọ náà ti da nǹkan rú. John Krafcik, tó ti ṣiṣẹ́ ní NUMMI, ló sọ ọ́ ní lean ní 1988, ìyẹn ohun tí kò ní ọ̀rá tí kò wúlò. Àwọn ọ̀gá kan níbí gbọ́ ọ, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí pé kí wọ́n lé ènìyàn mẹ́rin, kí iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì di ti ẹnì kan. Ọ̀gá wa ti Ṣómólú kò tilẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń pín ìrẹsì àti adìyẹ lọ́dún Kérésìmesì, a sì ń dá ankara kan náà, síbẹ̀ kò sí oṣù mẹ́ta tí ẹnì kan kì í sá lọ, torí pé adìyẹ kò lè dí ihò tí owó bébà dá sínú owó oṣù.

Ní ibi tí mo ti ń ṣe alábòójútó báyìí, àwa mẹ́fà ni wá. Mo ra aago kékeré kan, mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo ní ẹni tó bá rí ohun tí kò yé e kó lù ú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, eruku ni aago ń kó. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ló kọ́kọ́ lù ú, lọ́jọ́ tí a ń lé àkókò, tí oníwèé ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ má bínú, ojú ewé 3 àti 14 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn." Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀: bí a ṣe ń to ojú ewé 16 sórí bébà ńlá kí a tó ṣẹ́ ẹ po nìyẹn. N kò ní purọ́, inú bí mi. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wo ẹnu mi, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ báyìí ni wọ́n máa gbà ní òfin aago náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ létí gbogbo wọn, mo mú bébà kan, mo ṣẹ́ ẹ lójú rẹ̀ títí 3 fi tẹ̀lé 2. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n tó ń tẹ̀wé, tí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀, lu aago. Pléètì ti sún. A kò tíì tẹ̀ tó 40.

Oníléeṣẹ́ ti ń ráhùn báyìí pé ariwo aago náà ti pọ̀ jù, kí n yọ ọ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n wo ibi tí a máa ń kó bébà tó bàjẹ́ jọ sí.