Ẹ wo ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí kí wọ́n tó rẹ́ ilé

Láàárọ̀ yìí ní Tanke, ní Ìlọrin, bí birikìlà ṣe ń po sìmẹ́ǹtì láti rẹ́ ilé tuntun kan ni mo rí i pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n gbẹ́ ojú súìṣì yàrá sí. Ẹni tó bá wọlé lálẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn padà kó tó lè tan iná. A dá wọn dúró, a sún un sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì yóò wà kí oníná tó gbẹ́ ògiri. Súìṣì máa ń ga tó mítà 1.2, sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ̀ǹtímítà 45. Ti kíṣínì gbọ́dọ̀ ga ju tábìlì ìdáná lọ. Wáyà 1.5 mm² (bí kọ́pà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó nìyẹn) fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ amúlétutù ní tirẹ̀, wáyà 4, tààrà láti inú bọ́ọ̀dù tó ń pín iná sílé. Bí ẹ bá so ó mọ́ àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì yòókù, wáyà lè gbóná jù, rọ́bà ara rẹ̀ sì lè máa yọ́ nínú ògiri níbi tí ojú kò tó.

Ẹ tún ya wáyà iná àti fáànù tí ìnfátà (ẹ̀rọ tó ń lo iná inú bátìrì) yóò máa gbé sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ṣé oníná yín ń yà á bẹ́ẹ̀?