Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Ìwé Oúnjẹ Ilé Wa

Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, mo pinnu pé kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó tán, n óò ti fi owó ara mi tẹ ìwé kan jáde, níbi tí àwọn oúnjẹ tí ìyá mi ń sè nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde yóò wà. Ìwé náà ti jáde. Ojú ewé 64 ni, oúnjẹ 22 ló wà nínú rẹ̀, ẹyọ 150 ni mo sì tẹ̀. Mo ta 69, mo pín 41 fún ẹbí, mo kó 3 lọ sí Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1970 ṣe là á sílẹ̀ fún ẹni tó bá tẹ ìwé jáde, 37 tó kù sì wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn mi. Owó tí mo rí níbẹ̀ kò tíì tó owó ìtẹ̀wé.

Mo ti rò pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni yóò le jù, àṣé ìdí ààrò ni iṣẹ́ wà. Màmá kì í wọn nǹkan. Ojú àti ọwọ́ wọn ni òṣùwọ̀n. Ní oṣù kejì, mo ra ìwọ̀n kékeré kan ní ọjà Òkè-Àjé, mo sì dúró tì wọ́n, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bu iyọ̀, n óò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ dà á sórí ìwọ̀n ná. Wọ́n pòṣé títí ó fi sú wọn.

Ìkọ́kọrẹ́ ló gba àkókò jù. Ewùrà ni a ń rin fún un, kì í ṣe iṣu lásán, nítorí pé ewùrà a máa yọ̀, a sì máa dì mọ́ra ní ṣùù-ṣùù nígbà tí a bá ń fi ọwọ́ bù ú sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Bí a bá sì ti bù ú tán, a kò gbọdọ̀ rò ó títí yóò fi dì. Mo bi Màmá pé ìṣẹ́jú mélòó ni. Wọ́n ní, “Tí ó bá ti ń mí.” Mo fi fóònù ka àkókò: ìṣẹ́jú 7 lọ́jọ́ kan, 11 lọ́jọ́ mìíràn, nítorí pé ewùrà tó ti pẹ́ nílé ti gbẹ, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà sì kún fún omi. Mo kọ ìṣẹ́jú sínú ìwé, mo sì kọ “tí ó bá ti ń mí” tẹ̀ lé e. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo ni ín.

Ẹ̀gbọ́n Màmá, tí wọ́n fẹ́ sí Ṣágámù, ló wá kọ́ wa ní ẹ̀bìrìpò, kókò tí a rin, tí a pọ́n sínú ewé, tí a sì sè. Wọ́n kìlọ̀ pé bí mo bá kọ ọ́ sábẹ́ oúnjẹ Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kò ní gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, pé ti Rẹ́mọ ni. Mo fún Rẹ́mọ ní orí tirẹ̀, ẹ̀bìrìpò nìkan ló sì wà níbẹ̀.

Ní oṣù keje, Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ́nà, wàjà, a sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún 10 ni Màmá nígbà tí Kábíyèsí gorí ìtẹ́ ní 1960. Oúnjẹ tí wọ́n sè nílé bàbá wọn lákòókò náà ni wọ́n ń rò fún mi ṣáá, oúnjẹ méjì sì ti ibẹ̀ wọnú ìwé.

Nígbà tí a dé ilé ìtẹ̀wé, àmì ohùn ló dá wàhálà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún á, ó sì ní ọ̀kan fún ẹ, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ẹ́. Ńṣe ni a ń gbé àmì lé ẹ lórí lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Atẹ̀wé pààrọ̀ fọ́ǹtì mi láì sọ fún mi. Èmi náà jẹ̀bi, nítorí pé àwòrán nìkan ni mo yẹ̀ wò nínú ẹ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí. Ẹyọ 50 ti jáde kí n tó rí i pé àpótí òfìfo kékeré ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀bìrìpò. A jọ pín àdánù náà. N kò ka 50 yìí mọ́ 150.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Màmá fi ìwé náà sílẹ̀, tí wọ́n yọ awò ojú, tí wọ́n sì bi mí pé ọ̀jọ̀jọ̀ dà. Mo wá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí níbẹ̀. A ń jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà débi pé kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n náà ti padà sí ilé ìdáná, mo sì ti ra ewùrà méjì.