Lọ́ọ̀kì mọ́tò bàbá mi ti jáde o!

Ẹ bá mi dúpẹ́ o, lọ́ọ̀kì píjìn-hóòlù (àpótí kékeré iwájú mọ́tò) Chevrolet C10 bàbá mi, ti 1972 yẹn, ti jáde, nǹkan kan ò fọ́. Mẹkáníìkì kan l'Ádó Èkìtì ní ká fi ṣísẹ́lì yọ ọ́, mo ní láéláé, mọ́tò tó kó kòkó tó fi rán wa nílé ìwé! Bọ̀dá tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ló rọra kán kẹrosíìnì sí i, ó fi wáyà tínrín tọ́ ọ títí tó fi yí, ó tún ki wáyà bọ ihò kékeré ojú ẹ̀, pín-ìnnì tó dì í mú wọlé, ló bá yọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Sùúrù oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn! Àwọn pẹlẹbẹ idẹ inú ẹ̀, tí eyín kọ́kọ́rọ́ máa ń gbé, ṣì ń dán, ibẹ̀ ló ti máa wọn kọ́kọ́rọ́ tuntun. Ó ní kí n wá gbà á lọ́la.