Fírídọ̀ọ̀mù, àpótí ìjókòó àti ọ̀rọ̀ Damian Lillard

Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2025 ni ọjà àwọn agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ṣí. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn ní New York, àmọ́ ní Mókọ́lá n'Íbàdàn níbí, ṣọ́ọ̀bù ti tì, ẹlẹ́ran súyà nìkan ló kù lẹ́bàá títì. Èmi wà lórí àga pẹ̀lú fóònù àti dátà tí mo ti rà sílẹ̀ láti àárọ̀. Ìyàwó mi ò bi mí léèrè mọ́. Ó mọ̀ pé ìgbà tí ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì NBA bá parí ni wàhálà tèmi ń bẹ̀rẹ̀: ta ló ń lọ, ta ló ń bọ̀, ta ni wọ́n lé, èló ni wọ́n fẹ́ san.

Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn àsìkò yìí ju eré gan-an lọ. Òru jíjìn ni wọ́n ń ṣe eré náà, oorun á ti gbé mi lọ kó tó dé ìdajì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ìyẹn yé mi. Télọ̀ ni mí, ọdún 22 rèé tí mo ti ń ránṣọ ọkùnrin.

Ohun tí wọ́n ń pè ní "free agent" yẹn, nínú ṣọ́ọ̀bù tiwa, ẹni tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù ni. Ọmọ sìn títí ọdún rẹ̀ fi pé, wọ́n gbàdúrà fún un, ó ya fọ́tò pẹ̀lú sáàtífíkéètì, ibi tó bá wù ú ló lè lọ. Bó bá dúró ti ọ̀gá rẹ̀, àdéhùn tuntun nìyẹn. Àwọn ará ọ̀hún pàápàá ò rí i gbà bọ̀rọ̀. Ní 1970 ni agbábọ́ọ̀lù Oscar Robertson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé líìgì lọ sílé ẹjọ́, 1976 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀. Ó tún di 1988 kí Tom Chambers tó lè kúrò ní Seattle lọ sí Phoenix láìsí pé kilọ́ọ̀bù àtijọ́ ní agbára láti dá a dúró. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí irú rẹ̀ gbà.

Pàṣípààrọ̀, kí kilọ́ọ̀bù méjì fi agbábọ́ọ̀lù gba agbábọ́ọ̀lù, yàtọ̀. Wọn kì í bi ọ́. O jí láàárọ̀, wọ́n ní o ti di ará ìlú mìíràn.

Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká ṣọdún Iléyá. Aṣọ 21 ló wà nílẹ̀ tí a ò tíì fọwọ́ kàn, láì ka ti Alhaji kan ní Yemẹtu tó ń pè mí ní wákàtí wákàtí. Ọmọ Ṣakí wọlé, kò bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ mi láti èṣí, owó oṣù ni mo ń san fún un. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo ti ríbi tí wọ́n á ti máa sanwó fún mi lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan." Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀! Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo pè é ní aláìmoore. "Ẹ má bínú, sà" nìkan ló ń wí. Ó mú téèpù àti sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ń rojọ́ rẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Bàbá Ìbejì, ìgbà wo lẹ fi kún owó ọmọ náà gbẹ̀yìn?"

Mi ò dáhùn. Mo kọjú sí fóònù. Kí ni mo bá pàdé níbẹ̀? New York Knicks ti lé Tom Thibodeau, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ọkùnrin tó gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà àṣekágbá, ibi tí wọn ò dé mọ́ láti ọdún 2000! Indiana lù wọ́n kúrò, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Mo rò pé wọ́n ti ní ẹlòmíràn nípamọ́ ni. Rárá o. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kiri láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń tọrọ kóòṣì oníkóòṣì: Jason Kidd ní Dallas, Ime Udoka ní Houston. Wọ́n dá wọn padà níbi méjèèjì. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó mú Mike Brown.

Ẹ má gbàgbé Mike Brown yìí. Òun ló ń kọ́ D'Tigers wa ní 2021, nígbà tí Nàìjíríà na Amẹ́ríkà 90 sí 87 ní Las Vegas. Amẹ́ríkà yìí kan náà ló nà wá 156 sí 73 ní Òlíńpíìkì London ní 2012. Òru ọjọ́ tí a nà wọ́n, mo pariwo tí ará òkè fi kan ilẹ̀kùn wa, ó rò pé olè ló wọlé. Lóòótọ́, nígbà tí a dé Òlíńpíìkì Tokyo, a ò na ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ̀mẹta la gbá a, ẹ̀ẹ̀mẹta la fìdí rẹmi. Brown gba àmì-ẹ̀yẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù lọ ní Sacramento ní 2023, oṣù kejìlá 2024 ni Sacramento kan náà lé e. Iṣẹ́ kóòṣì, mo ti sọ ọ́ tipẹ́, iṣẹ́ télọ̀ ni. Oníbàárà á mú yáàdì mẹ́ta wá, á ní kó o fi rán agbádá. Bí agbádá ò bá balẹ̀, á ní télọ̀ ló jí aṣọ òun.

Ó yẹ kí n ti mọ èyí kí n tó ṣe ohun tí mo ṣe ní 2019.

Ẹ rántí Toronto Raptors, ẹgbẹ́ Kánádà. Ní 2018, Masai Ujiri, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà tó dàgbà ní Zaria, lé Dwane Casey, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Wọ́n ti lé e tán kí àmì-ẹ̀yẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá ọdún náà tó já mọ́ ọn lọ́wọ́. Nick Nurse, igbákejì rẹ̀, ló gbapò. Masai tún mú DeMar DeRozan, tó ti lo ọdún 9 níbẹ̀, tó fẹ́ràn ìlú náà bí ẹni fẹ́ràn ilé bàbá rẹ̀, ó fi gba Kawhi Leonard lọ́wọ́ San Antonio. Gbogbo ayé bínú. Oṣù kẹfà 2019, ife dé Toronto. Mo kan sáárá sí i. Mo ní ọmọ wa ni, ọlọ́kàn líle ló ń jẹ ayé.

Èmi náà bá ní kí n ṣe Masai.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀jọ̀ọ́ ní ọmọkùnrin kan tó ń ṣe mónógíráàmù bí idán. Èmi ní ọmọ Ìsẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ dán lórí ṣòkòtò, ó ku oṣù mẹ́jọ kó gba fírídọ̀ọ̀mù. Màlíta tútù méjì la fi parí rẹ̀. Mo tún fi máṣìnnì aláfọwọ́yí kan lé e, bí wọ́n ṣe máa ń fi ẹ̀tọ́ àtimú ọmọ tuntun lé e lọ́hùn-ún. Ta ló wá sọ fún ọmọ Ìsẹ́yìn? Kì í ṣe èmi. Dùgbẹ̀ ni mo gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní mo fẹ́ ra òwú, mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́. Oní-Micra tí ọ̀rẹ́ mi rán wá ló sọ fún un pé òun wá kó ẹrù rẹ̀. Ó kó ẹrù, ó gbé àpótí tó máa ń jókòó lé mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ tó fà á lé mi lọ́wọ́ pè mí láti Ìsẹ́yìn lálẹ́. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti tà á ni?"

Oní-mónógíráàmù lo oṣù méjì lọ́dọ̀ mi, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kawhi náà ò ju sáà kan lọ ní Toronto kó tó kó lọ sí Los Angeles, àmọ́ ó gba ife fún wọn ná. Agbádá mẹ́rin ni tèmi fún mi.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù Damian Lillard fi gbà mí lọ́kàn ní 2025. Ọdún 11 ló lò ní Portland. Nígbà tó rí i pé ife ò sún mọ́ tòsí, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ, Miami lòun fẹ́. Wọ́n gbé e fún Milwaukee ní oṣù kẹsàn-án 2023, kó lọ bá ọmọ wa Giannis. (Adétòkunbọ̀ ni orúkọ tí Giríìkì lọ́ mọ́ra di Antetokounmpo yẹn. Bàbá tó kó wọn dé Áténì, Yorùbá ni.) Láti rí Lillard gbà, Milwaukee ní láti yọ̀ǹda Jrue Holiday, ẹni tó bá Giannis gba ife 2021. Portland ò tilẹ̀ jẹ́ kí Holiday tú ẹrù, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti tún un fi ránṣẹ́ sí Boston. Ó dé ibẹ̀, ó gba ife mìíràn ní 2024. Ẹni tí wọ́n jù sílẹ̀ ló gba ife. Ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ jù ú sílẹ̀, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ já ní oṣù kẹrin 2025.

Ọjọ́ kejì tí ọjà ṣí ni Milwaukee ní kó máa lọ. Gbèsè tó wà lọ́rùn wọn fún un tó nǹkan bíi 113 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n pín in sí ọdún 5, ó lé ní 22 mílíọ̀nù lọ́dọọdún, kí àyè lè gba wọn láti mú Myles Turner ní Indiana. Ìyẹn jọ gbọ́múlélántà lójú mi: ohun tí o fi gbèsè rà ti bàjẹ́, sísan ò tíì parí.

Bẹ́ẹ̀ wọ́n ní òfin owó o. Iye tí ẹgbẹ́ kan lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù ní sáà 2025 sí 2026 jẹ́ nǹkan bíi 155 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ń pè é ní kápù. Ọ̀nà wà láti kọjá rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe fa ìlà méjì mìíràn sókè, wọ́n pè wọ́n ní épúrọ̀n. Ẹni tó bá kọjá épúrọ̀n kejì, nǹkan bíi 208 mílíọ̀nù ní sáà yẹn, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dè é lọ́wọ́ dè é lẹ́sẹ̀ lórí pàṣípààrọ̀. Fìlà àti épúrọ̀n! Mo ti rán méjèèjì, mi ò mọ̀ pé wọ́n lè fi lé ènìyàn kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ épúrọ̀n yìí ló sì mú kí Boston tu ilé wọn ká nígbà tí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ Jayson Tatum náà já ní oṣù karùn-ún. Wọ́n ní kí Holiday máa lọ. Níbo? Portland.

Lillard sì ti padà. Portland, ọdún 3, 42 mílíọ̀nù, kò sì ní lè gbá bọ́ọ̀lù ní sáà 2025 sí 2026 nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Àwọn méjì tí wọ́n fi pààrọ̀ ara wọn ní 2023 ti wá wà lábẹ́ òrùlé kan. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ohun kan wà nínú ìwé Lillard tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì: wọn ò lè fi í ṣe pàṣípààrọ̀ mọ́ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá kan gbé aṣọ ẹbí 35 wá fún ìgbéyàwó oṣù kẹjọ, bùbá àti ṣòkòtò. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì tí wọn ò tíì mọ ọrùn gé dáadáa. Mo wọ Micra, ó di Ọ̀jọ̀ọ́.

Kò ṣòro láti rí ṣọ́ọ̀bù ọmọ Ìsẹ́yìn. Máṣìnnì mẹ́rin, méjì nínú wọn ìńdọ́sírìà, gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀." Ó wò yíká, ó fa àpótí kan fún mi. Mo mọ àpótí náà. Èmi ni mo kàn án. Ó ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ kan.

Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó ní kò burú. Ṣọ́ọ̀bù òun ni wọ́n á ti rán an, òun ò ní wá sí Mókọ́lá. Ìdajì owó sílẹ̀. Lébù òun ló sì máa wà lọ́rùn bùbá.

"Lébù tìẹ? Lórí aṣọ oníbàárà mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bó bá jẹ́ tiyín lẹ fẹ́, ẹ lè gbé e fún ẹlòmíràn, sà."

Mo dúnàádúrà. Mo fi owó lé e lórí bùbá kọ̀ọ̀kan kó lè fi lébù sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń bá aṣọ gígé rẹ̀ lọ. Mo ní kó jẹ́ kó wà nínú àpò, níbi tí ojú ò ti ní tó o. Ó ní ọrùn ni, sà. Mo yọ fóònù, mo fi ìdajì ránṣẹ́, mo fi hàn án. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n dúró díẹ̀ kí álẹ́ẹ̀tì dé.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára lọ́jọ́ náà. Mo wà lórí àpótí fún bíi ogójì ìṣẹ́jú.